Ìjẹta Tàbí Ọjọ́ Mẹ́ta Sẹ́yìn? Lámèyítọ́ Lórí Ọ̀nà Tí Ètò Kọ̀ǹpútà Ń Gbà Ka Ọjọ́ Lédè Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ọ̀nà tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà ń gbà kọ ọjọ́ lédè Yorùbá sí ojú-ewé ayélujára nígbà tí wọn kò bá lo ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà, tí wọ́n ń ka ọjọ́ láti òní. Ètò Moment.js ni a gbé yẹ̀wò jù lọ, a sì fi Intl.RelativeTimeFormat wé e. Ohun tí a rí ni pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá rọ́pò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìṣírò Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọjọ́ tó ń kà. Ẹ̀rọ kì í kà á. Ìyàtọ̀ yìí lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà nípa ọjọ́ ìdánwò, kí ó sì da ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ àjọ rú. A dá àbá ọ̀nà tí a lè gbà tún un ṣe, a sì sọ ipa tí olùkọ́ èdè Yorùbá ní láti kó nínú rẹ̀.

1. Ìfáárà

Bí ènìyàn bá ṣí ojú-ewé ìròyìn tàbí pátákó ìkéde lórí ayélujára, kì í fi gbogbo ìgbà rí ọjọ́ tí ìkéde náà jáde bí ó ṣe wà lórí kàlẹ́ńdà. Ohun tó sábà máa ń rí ni ọ̀rọ̀ bí i "ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn", "àná" tàbí "ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn". Ìdí tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí a ó máa pè ní aṣètò nínú iṣẹ́ yìí, fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí kò fara sin. Ẹni tó ń ka ìròyìn kò fẹ́ máa yọ ọjọ́ kúrò nínú ọjọ́. Ó fẹ́ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni tàbí ó ti pẹ́.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun. Ruby on Rails, tó jáde ní ọdún 2004, ní irinṣẹ́ kan tó ń sọ iye àkókò di ọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n pè ní distance_of_time_in_words. Ní ọdún 2008, John Resig gbé ètò kékeré kan jáde ní èdè JavaScript, ó pè é ní Pretty Date. Moment.js tẹ̀ lé e ní ọdún 2011, òun ló sì mú kí àṣà yìí tàn ká oríṣiríṣi èdè, nítorí pé ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti tú àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí èdè tirẹ̀. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àwọn tó ni Moment.js kéde pé àwọn kò ní fi nǹkan tuntun kún un mọ́, ṣùgbọ́n ètò náà kò tíì kúrò nílẹ̀.

Nígbà tí ètò bí èyí bá sọ ọjọ́ lédè Yorùbá, ǹjẹ́ Yorùbá ló ń sọ lóòótọ́? Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn.

2. Òpó Tíọ́rì: Ọ̀rọ̀ Atọ́ka Àsìkò

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti jẹ́ kó yé wa pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ìtumọ̀ wọn kò dúró sójú kan. "Òní", "àná" àti "ọ̀la" wà lára wọn. Ẹni tó gbọ́ "àná" kò lè mọ ọjọ́ tí à ń sọ àfi bí ó bá mọ ọjọ́ tí a sọ ọ́. Charles Fillmore, nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní Santa Cruz ní ọdún 1971, fi ìyàtọ̀ sí àsìkò tí a sọ̀rọ̀ àti àsìkò tí a gbọ́ ọ. Nínú ìtàkùrọ̀sọ ojúkojú, àsìkò méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú lẹ́tà, wọ́n yàtọ̀: "òní" tí òǹkọ̀wé kọ kì í ṣe "òní" ẹni tó kà á. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó kọ ọjọ́ sí apá òkè lẹ́tà.

Ojú-ewé ayélujára yí ètò yìí padà. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ojú-ewé náà, ẹ̀rọ a tún ìṣírò rẹ̀ ṣe, ó sì máa ń fi "òní" ẹni tó ń kà á ṣe ìpìlẹ̀. Ohun tó jẹ́ "òní" láàárọ̀ yóò di "àná" bí ilẹ̀ bá ṣú tó tún mọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, kì í ṣe òǹkọ̀wé ló ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Bí ẹ̀rọ bá wá fẹ́ gba ẹnu Yorùbá sọ̀rọ̀, ó yẹ kí ó mọ bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́.

3. Bí Yorùbá Ṣe Ń Ka Ọjọ́

Ìpìlẹ̀ ìṣírò ọjọ́ láàárín Yorùbá ni pé a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú Ọjọ́rú gẹ́gẹ́ bí òní. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àná, Ọjọ́ Ajé ni ìjẹta, Ọjọ́ Àìkú sì ni ìjẹrin. Ẹ̀ta hàn gbangba nínú ìjẹta, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rin hàn nínú ìjẹrin. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ Ọjọ́ Ajé kúrò nínú Ọjọ́rú bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣírò nílé-ìwé, méjì ni yóò kù, kì í ṣe mẹ́ta. Ibi tí ẹ̀ta ti wá ni pé Ọjọ́rú fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, Ìṣẹ́gun jẹ́ èjì, Ajé sì jẹ́ ẹ̀ta.

Bákan náà ni ọdún. Èṣí ni ọdún tó kọjá, ìdúnta ni èyí tó ṣáájú rẹ̀, ìdúnrin ló sì tẹ̀ lé e sẹ́yìn. Ẹ̀ta tó wà nínú ìdúnta ka ọdún tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀rí míràn wà nínú àṣà. Ọmọ tí a bá bí ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e ni a ó sọ ọ́ lórúkọ, a ó sì sọ pé òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ̀rọ yóò sọ pé ọjọ́ 7 ni. Ọjọ́ tí Yorùbá ń ná ọjà lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ọjà ọrọọrún ló ń pè é. Àwọn àgbà sì máa ń sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ìbílẹ̀ ni òwe náà dúró lé: ọjọ́ karùn-ún ni ọjọ́ Ifá tún padà dé, bí a bá ka ọjọ́ Ifá àkọ́kọ́ mọ́ ọn.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń kà báyìí. Àwọn tó ń sọ Faransé ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo mọ̀ pé "quinze jours", èyí tí í ṣe ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni Faransé ń pe ọ̀sẹ̀ méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ 14 ni ó jẹ́ lórí ìṣírò.

A gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìṣírò ilé-ìwé ti wọ inú èdè náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ "ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn" lónìí, tí wọ́n sì ní Ọjọ́ Àìkú lọ́kàn bí òní bá jẹ́ Ọjọ́rú. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ìṣírò méjì ló ń gbé inú ilé kan náà: ẹ̀ta tó wà nínú ìjẹta kì í ṣe ẹ̀ta tó wà nínú "ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn".

4. Lámèyítọ́ Lórí Moment.js

Kí a tó sọ àléébù, ó tọ́ kí a gbóríyìn. Ẹni tó tú àwọn ọ̀rọ̀ Moment.js sí Yorùbá ṣe iṣẹ́ takuntakun. Ó lo Sẹ́rẹ́ àti Èrèlé fún orúkọ oṣù, kò sì yá ti Gẹ̀ẹ́sì lò. A kò ka àṣìṣe àkọtọ́ bí i "osù" dípò "oṣù" sí ohun tó burú jù, nítorí pé ó rọrùn láti tún ṣe. Àwọn ohun mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ yìí ló jinlẹ̀.

4.1 "Kọjá" àti "ní"

Moment.js ní àwòṣe méjì péré fún gbogbo iye àkókò: ọ̀kan fún èyí tó ti lọ, ọ̀kan fún èyí tó ń bọ̀. Nínú ẹ̀dà Yorùbá, "kọjá" ni wọ́n fi parí ti àkọ́kọ́, "ní" ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ohun tí òǹkàwé yóò rí ni "ọjọ́ 3 kọjá" àti "ní ọjọ́ 3". Lójú gírámà, "ọjọ́ mẹ́ta kọjá" jẹ́ odidi gbólóhùn: ọjọ́ ni olùwà, kọjá ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó ń sọ pé àkókò kan ré kọjá; kò sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. "Sẹ́yìn" ló yẹ ibẹ̀.

"Ní ọjọ́ mẹ́ta" tún fa ìṣòro tirẹ̀. Bí a bá ní "Adé parí iṣẹ́ náà ní ọjọ́ mẹ́ta", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà á. Kò sí ọjọ́ iwájú kankan nínú rẹ̀. Ohun tí Yorùbá ń sọ fún irú èyí ni "ó ku ọjọ́ mẹ́ta" tàbí "tó bá di ọ̀túnla".

4.2 Ọjọ́ 3 àti ọjọ́ kẹta

Nínú fáìlì kan náà, àwòṣe tí a fi ń kọ iye ọjọ́ ni "ọjọ́" pẹ̀lú àmì nọ́ńbà níwájú rẹ̀. Àwòṣe tí a fi ń kọ ipò ọjọ́ nínú oṣù náà tún ni "ọjọ́" pẹ̀lú àmì nọ́ńbà. Nítorí náà, "ọjọ́ 3" lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù. Bí òǹkàwé bá rí "ọjọ́ 3 kọjá", ó lè rò pé ọjọ́ kẹta oṣù ni wọ́n ń sọ pé ó ti kọjá. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìṣòro yìí nítorí pé ó ń kọ àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yorùbá náà ń kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí a bá fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́: "mẹ́ta" yàtọ̀ sí "kẹta". Nọ́ńbà tí a kọ láìsí àlàyé ló pa ìyàtọ̀ náà rẹ́.

Síwájú sí i, àwòṣe náà gbà pé ibì kan náà ni nọ́ńbà ń dúró sí nígbà gbogbo. Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni à ń sọ, ṣùgbọ́n ogún ọjọ́ àti ọgbọ̀n ọjọ́ ni a sì ń sọ.

4.3 "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀"

Èyí ló léwu jù. Moment.js ní ọ̀nà kejì tó ń pè ní calendar, èyí tó ń lo òní, àná àti ọ̀la. Ọjọ́ kejì sí ìkẹfà níwájú wà nínú àyè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nextWeek. Ọjọ́ kejì sí ìkẹfà sẹ́yìn wà nínú lastWeek. Orúkọ lásán ni. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ jáde láti inú nextWeek kò ju orúkọ ọjọ́ àti aago lọ. Ẹ̀dà Yorùbá gba orúkọ àyè náà gbọ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" kún orúkọ ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí lè fà. Ká ní òní jẹ́ Ọjọ́ Ajé, tí ìdánwò sì jẹ́ Ọjọ́rú, ní ọ̀túnla. Ètò náà yóò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbà á gbọ́ yóò dé lẹ́yìn tí ìdánwò ti parí ní ọjọ́ méje gbáko. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ ru olùtumọ̀. Bí a bá fún ènìyàn ní ọ̀rọ̀ láìfi gbólóhùn tó wà nínú rẹ̀ hàn án, orúkọ tó rí ni yóò tú. Ọ̀rọ̀ tó bá a mu, ọ̀túnla, wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́; àwọn tó ṣe ètò ni kò fi àyè sílẹ̀ fún un, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlò ojoojúmọ́.

4.4 Wákàtí kì í ṣe ọjọ́

Nínú ọ̀nà tó ń jẹ́ fromNow, wákàtí ni Moment.js ń kà. Bí ó bá ti wà láàárín wákàtí 22 sí 35, "ọjọ́ kan" ni yóò kọ. Ìkéde tó jáde ní aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́ Ajé, tí a kà ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́rú, jẹ́ wákàtí 35: ọjọ́ kan ni lójú ẹ̀rọ, ìjẹta ni lójú Yorùbá. Èyí tó jáde ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, tí a kà ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, jẹ́ wákàtí 21 lójú ẹ̀rọ, àná ni.

Ọdún náà rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọjọ́ 320 ni ètò náà ti ń kọ "ọdún kan". Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù 2, ọdún 2024, bí a bá kà á ní ọjọ́ 31, oṣù 12, ọdún 2024, yóò di ọdún kan sẹ́yìn, nígbà tí ọdún náà kò tíì parí. Ẹni tó bá sọ ọ́ di èṣí ti purọ́. Ní ìdà kejì, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù 11, ọdún 2023, tí a sì kà ní oṣù 1, ọdún 2024, jẹ́ ohun èṣí fún Yorùbá láìsí àníàní, ṣùgbọ́n oṣù méjì péré ni ẹ̀rọ rí. Ààlà ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ń wò: ilẹ̀ tó mọ́, ọdún tó yí. Ẹ̀rọ ń wo gígùn.

5. Intl.RelativeTimeFormat: Ǹjẹ́ Ó Sàn Jù?

Ní ọdún 2020, Intl.RelativeTimeFormat wọ inú ìlànà èdè JavaScript. Àkójọ ọ̀rọ̀ tí àjọ Unicode ń tọ́jú, tí wọ́n ń pè ní CLDR, ló máa ń fún àwọn ètò tí a fi ń ṣí ojú-ewé ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lò. Ìlọsíwájú tó dára ni èyí fún ìdí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ó gbà pé èdè yàtọ̀ síra nínú ọ̀rọ̀ iye. Gẹ̀ẹ́sì ní ìrísí méjì, Lárúbáwá ní mẹ́fà, Yorùbá ní ẹyọ kan, nítorí pé "ọjọ́" kì í yí padà yálà ó jẹ́ ọ̀kan tàbí ogún. Èkejì, àyè wà fún ọjọ́ kejì sẹ́yìn àti ọjọ́ kejì síwájú nínú èdè tó bá ní ọ̀rọ̀ fún wọn. Jámánì ń lo "vorgestern" àti "übermorgen" níbẹ̀. Ìjẹta àti ọ̀túnla bá àyè náà mu wẹ́kú. Ẹ̀kẹta, kì í fúnra rẹ̀ ka wákàtí; aṣètò ló ń fún un ní iye àti ẹ̀yà àkókò, nítorí náà aṣètò lè ka ọjọ́ kàlẹ́ńdà bí ó bá fẹ́.

Àmọ́ ìṣòro méjì kù. Bí aṣètò kò bá sọ pé "auto" ni òun fẹ́ lábẹ́ numeric, nọ́ńbà ni yóò máa jáde nígbà gbogbo, kò sì ní rí àná rárá, áńbọ̀sìbọ́sí ìjẹta. Èkejì ni pé aṣètò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òǹkàwé wà. Aago Nàìjíríà àti ti Benin fi wákàtí kan ṣáájú aago àgbáyé UTC. Ti Togo bá a dọ́gba. Ìkéde tí a fi sílẹ̀ ní aago 23:30 UTC ní Ọjọ́ Ajé ti di ti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Kétu, ṣùgbọ́n ti Ọjọ́ Ajé ni ní Àtàkpamé. Bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òní ni fún ọ̀kan, àná ni fún èkejì. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà.

6. Ohun Tí Àṣìṣe Yìí Lè Fà Nínú Ayé

Ẹnìkan lè sọ pé ọjọ́ kan kì í ṣe nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣírò rẹ̀. Bí aṣètò bá fẹ́ kọ ètò tó ń rán àwọn oníṣòwò létí ọjọ́ ọjà ọrọọrún, tó sì kọ 5 nítorí pé ó gbọ́ árùn-ún nínú orúkọ náà, ọjọ́ 5, 10, 15 àti 20 ni ètò rẹ̀ yóò dá lẹ́yìn ọjà àkọ́kọ́. Ọjà gan-an yóò ná ní ọjọ́ 4, 8, 12, 16 àti 20. Nínú ọjà márùn-ún, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yóò bá pàdé.

Àjọ ìtàdógún náà ńkọ́? Ẹ̀tàdógún jẹ́ 17, ṣùgbọ́n ọjọ́ 16 ló wà láàárín ìdájọ kan àti èkejì. Láàárín ọjọ́ 365, ọjọ́ 16 yóò yí ní ìgbà 22. Ọjọ́ 17 yóò yí ní ìgbà 21. Ẹni tí àjọ kàn ní ìgbà kejìlélógún kò ní rí owó rẹ̀ gbà láàárín ọdún náà. Kò sí ẹni tó jalè. Ìṣírò ni kò bá ọ̀rọ̀ mu.

7. Àbá

Lójú tiwa, ohun tó yẹ kí ètò tó bá ń sọ Yorùbá ṣe nìyí:

(i) Kí ó ka ọjọ́ kàlẹ́ńdà ní aago òǹkàwé, kì í ṣe wákàtí.

(ii) Kí ó lo òní, àná, ìjẹta, ọ̀la àti ọ̀túnla níbi tí wọ́n bá ti yẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìtumọ̀ méjì. Ìjẹrin náà dára, ṣùgbọ́n a kì í sábà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ mọ́. Olùkọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ dá a padà kí ẹ̀rọ tó lò ó.

(iii) Láti ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà, kí ó dárúkọ ọjọ́ pẹ̀lú ipò rẹ̀ nínú oṣù, bí i "Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù". Kí ó má lo nọ́ńbà láìsí àlàyé, kí ó má sì fi "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" kún ọjọ́ tó wà nínú ọ̀sẹ̀ yìí.

(iv) Lẹ́yìn èyí, kí ó kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún ní kíkún.

(v) Kí ọjọ́ gidi wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. HTML ní àmì kan, time, tó lè gbé ọjọ́ kíkún pamọ́ sínú datetime. Ó tún yẹ kí òǹkàwé lè fi ojú ara rẹ̀ rí i, nítorí pé bí a bá tẹ ojú-ewé náà sórí ìwé, "àná" kò ní yí padà mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò mọ àná ọjọ́ wo ni.

8. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ kọ́ wa pé a lè fi Yorùbá sọ ohunkóhun tí ìmọ̀ tuntun bá gbé dé. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi kún un ni pé àwọn ibì kan wà tí a kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Ìjẹta, ọ̀túnla, èṣí àti ìdúnta ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni àyè tí a ó fi wọ́n sí, àti ẹni tí yóò sọ fún àwọn aṣètò pé àyè náà ṣe pàtàkì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń kọ́ láti di olùkọ́ lónìí ni a ó ké sí lọ́la láti tú irú àwọn fáìlì wọ̀nyí. Bí wọ́n bá ń kọ́ ọmọ ní ìṣírò ọjọ́, ó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀nà méjèèjì, kí wọ́n sì fi ìyàtọ̀ wọn hàn án: èyí tí à ń yọ, àti èyí tí à ń kà. Bí wọ́n bá sì gba iṣẹ́ ìtumọ̀, kí wọ́n béèrè gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ náà yóò wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Olùtumọ̀ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní fi Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pe ọ̀túnla.